Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Káàdì Bethany

Apá méjèèjì ni wọ́n gé. Wọ́n gé e láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, léèsì funfun náà sì rọ̀ dirodiro lára aṣọ ìyàwó bí ìyẹ́ adìẹ tí ajá ti kì mọ́lẹ̀. Ní àyà aṣọ ọ̀hún, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ti ń tàn yinrinyinrin, ẹnìkan fi pínnì so ààbọ̀ káàdì kan mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "I'm so jealous of you!" Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí: Bethany.

"Àlàájà, ẹ bá mi wo ohun tójú mi rí láàárọ̀ yìí," Tinúọlá wí. Ó káwọ́ lérí, kò lè jókòó.

Tinúọlá ló ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà, lókè ilé ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane. Tó bá ti bọ́ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ ìyàwó ọmọ ọlọ́mọ ló máa ń dojú kọ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Èyí tí wọ́n gé yìí, ti Nusaybah ni, ọmọ Àlàájì Hamid. Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni yìgì Nusaybah pẹ̀lú Waris.

Àlàájà Mìsítúrà kò fọwọ́ kan nǹkankan. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń yí aṣọ náà po. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ògbufọ̀ Yorùbá ní kóòtù àti ní àgọ́ ọlọ́pàá káàkiri apá gúúsù London. Ó ti gbọ́ irọ́ lédè méjì débi pé tí ènìyàn bá ṣì ń la ẹnu, òun á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń lọ. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ará Peckham kò jẹ́ kó sinmi. Ọ̀ràn tó bá rú wọn lójú, tí wọn ò sì fẹ́ kó dé etí ọlọ́pàá, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé inú òun náà kò dùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Làtíìfù ọkọ rẹ̀, tó ti padà sí Ìkòròdú láti ọdún mẹ́ta, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Sherifat, ìyàwó kékeré, ló jókòó nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lórí àga tí Mìsítúrà fúnra rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ láti London. Ó ti wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mẹfà kí Tinúọlá tó pè é.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?" ó bèèrè.

"Èmi ni. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo pe Àlàájì Hamid, wọ́n dé, wọ́n sì ti lọ. Wọ́n ní ọmọ òyìnbó náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n pe ọlọ́pàá kí aago mẹ́rin tó lù, tí mi ò bá pè é, àwọn á pè é."

"Nusaybah ńkọ́?"

"Kò tíì gbọ́. Bàbá rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un."

"Àná, ta ló wà níbí lẹ́yìn rẹ?"

"Bethany àti Èyítáyọ̀. Mo lọ ìsìn Ọjọ́rú, aago márùn-ún ni mo jáde. Àwọn méjèèjì ló jọ tilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà." Tinúọlá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àìṣát náà wá o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlàájì Hamid. Ó tẹ̀ lé Nusaybah wá gbé aṣọ wọ̀ wò, wọ́n lọ tán, òun nìkan tún padà, ó ní òun gbàgbé ìborùn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé òun ni Waris kọ́kọ́ ń fẹ́."

Láti ìdí maṣíìnì lẹ́yìn ilé, ohùn kan dá sí i. "Mummy, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣé a tún ń wá ẹlòmíràn kiri ni?"

Èyítáyọ̀ nìyẹn, àgbà nínú àwọn tó ń ránṣọ níbẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ti Ìjẹ̀bú-Òde dé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò gbójú sókè nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ maṣíìnì lọ.

Mìsítúrà wò ó fìrí, ó sì gba ibi àtẹ̀gùn lọ.

*

Bethany jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi apá ẹ̀wù nu imú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní New Cross, ó sì ń wá sọ́dọ̀ Tinúọlá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dá ṣáṣá. Mìsítúrà jókòó tì í, ó bá a sọ òyìnbó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò gé aṣọ. Káàdì tí mo fẹ́ fún un lọ́jọ́ ìyàwó ni. Inú àpótí tí ìbòjú rẹ̀ wà ni mo fi sí, mi ò tíì lẹ àpò rẹ̀ pa. Ẹnìkan ló já a sí méjì. Ojú ewé kan ṣì wà ṣáájú èyí, mo kọ̀wé kún un bámúbámú."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Pé mo dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí n rán apá aṣọ rẹ̀. Mi ò rán aṣọ ìyàwó rí láyé mi."

Mìsítúrà yíjú sí i. "Ìwọ lo rán apá?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí." Omi tún dà lójú rẹ̀. "Èyítáyọ̀ ló to ìlẹ̀kẹ̀ àyà, èmi ni mo rán apá."

"Jealous tí o kọ yìí, kí ló túmọ̀ sí?"

Ọmọbìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó sọ àwọ̀ omi. Ó ní ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán ni? Tí ọ̀rẹ́ ẹni bá ń lọ gbafẹ́ nílùú tí oòrùn ti ń ràn, à á ní a jealous. Tó bá ra bàtà tuntun, tó bá rí ọjọ́ ìsinmi gbà níbi iṣẹ́, ohun kan náà là á wí. Ó ní ó túmọ̀ sí pé nǹkan ọ̀hún dára, inú ẹni sì dùn sí onítọ̀hún.

"Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀?"

"Ibi báwo?" Bethany bèèrè. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

*

Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù fóònù tí Àìṣát ti ń ṣiṣẹ́ sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ní Rye Lane, ìṣísẹ̀ díẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mìsítúrà yà fún kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó yà fún obìnrin tó ń fi èékánná dán iṣu wò, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá níwájú ẹlẹ́ja. Bó ṣe ń lọ ló ń rò ó. Bí ọ̀ràn yìí bá jẹ́ ti ọkùnrin, Àìṣát ló yẹ kó mọ̀ nípa rẹ̀. Òun tí orogún wà lọ́kàn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ṣòro fún un láti gbà pé obìnrin lè gé aṣọ nítorí ọkùnrin.

Ó bá Àìṣát nídìí káńtà, ó wé ìborùn aláwọ̀ ewé kan tó bá ojú rẹ̀ mu. Kó tó kí i tán, Mìsítúrà ti la ẹnu.

"Ìborùn yìí mà dára o! I'm so jealous!"

Àìṣát bú sẹ́rìn-ín. "Aww, Aunty, ẹ ṣé! Ẹ fẹ́ ọ̀kan? Mo lè bá yín order ẹ̀."

"Jẹ́ ná. Àná, o padà sí ṣọ́ọ̀bù Tinúọlá."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀. "Mo lọ mú ìborùn yìí ni. Kí ló dé? Ṣé nǹkan ti happen ni?"

Mìsítúrà sọ fún un, ó sì mú un búra pé kò ní í sọ fún Nusaybah. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àwọn ènìyàn ní ìwọ ni Waris kọ́kọ́ ń fẹ́."

"Aunty, please! Oṣù méjì péré ni. Èmi ni mo ní kò ní work. Èmi gan-an ni mo fi í han Nusaybah." Ó wo ẹ̀yìn, ó tún sún mọ́ ọn. "Mo ní ẹlòmíràn ní Stockwell. Mummy mi ò tíì mọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún wọn."

"Mi ò ní í sọ. Wo èyí." Mìsítúrà fi fọ́tò ààbọ̀ káàdì náà hàn án lórí fóònù. "Ká ní o fẹ́ kó bá Bethany. Ká ní gbogbo káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé èyí lo máa já yọ?"

Àìṣát kà á, ó tún un kà. "Kí ló wà níbẹ̀ tó bad? Beth kàn ń ṣe nice ni, Aunty. Ẹnikẹ́ni ò lè fi èyí mú un."

"Àlàájì Hamid ní ìjẹ́wọ́ ni."

"Àwọn Uncle?" Àìṣát mi orí. "Èdè Yorùbá ni Uncle fi kà á."

Mìsítúrà ti fẹ́ jáde, ló bá dúró. Ó padà wo ọmọbìnrin náà, ó fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. "O ṣé, ọmọ mi," ó wí, ó sì bọ́ síta.

*

Ó dúró níwájú àtẹ oníṣu, kò ra nǹkankan. Ọ̀rọ̀ tí Àìṣát sọ ń yí lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún gbọọrọ tó fi ṣe ògbufọ̀, ohun tó kọ́ jù lọ ni pé kì í ṣe inú ìwé ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń gbé, etí ẹni tó gbọ́ ọ ni. Jealous tí Bethany kọ kò wúwo ju ìyẹ́ lọ. Lédè tiwa, owú ni yóò jẹ́, owú sì ni ohun tí í mú ènìyàn da májèlé sọ́bẹ̀. A kì í fi í ṣeré. A kì í fi í kí ọlọ́jọ́ ìyàwó.

Ẹni tó já káàdì náà sí méjì fẹ́ kí ayé rí ìkà nínú rẹ̀. Kó tó lè fi í hàn wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ti ní láti rí i. Ẹni mẹ́ta ló súnmọ́ aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Bethany kò rí ìkà nínú ọ̀rọ̀ tó kọ. Àìṣát, tí wọ́n bí sí Peckham níbí, wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i.

Ó ku ẹnìkan.

Ṣùgbọ́n kí ni Nusaybah fi ṣe Èyítáyọ̀? Wọn ò jọ rìn, wọn ò jọ fẹ́ ọkùnrin kan. Ìgbà tí Mìsítúrà rántí ojú aṣọ náà ni ọkàn rẹ̀ là. Ẹni tó bá ń jowú ìyàwó, àyà aṣọ ni ì bá kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí là, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ò já níbẹ̀. Pínnì gan-an, àárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì ni wọ́n ti gún un wọlé, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má pa á lára.

Gbogbo wọn ti ń wá ẹni tó ń jowú Nusaybah. Nusaybah kọ́ ni wọ́n ń jowú.

*

Nígbà tó padà dé, ó rán Tinúọlá àti Bethany lọ ra tíì wá. Ó fa àga sún mọ́ Èyítáyọ̀, ó ń wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ mìíràn.

"Ọwọ́ rẹ yìí," ó wí. "I'm so jealous of you."

Èyítáyọ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Àlàájà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Mo kàn ń yìn ọ́ ni."

"Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yin ènìyàn, ma."

"Níbí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín." Mìsítúrà ló fèsì bẹ́ẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rí kan ẹ̀rí báyìí, bí wọ́n ti ń ṣe ní kóòtù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn ló wá sí i lẹ́nu, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ọkọ mi fẹ́ ìyàwó kékeré. Ọdún kan tó wá kí mi, ó gbé agbádá kan wá tí ìyàwó náà bá a yàn. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ̀ ọ́. Mo gbé ayọ́ọ̀nù lé e láyà, mo dúró tì í, mo ń wò ó títí ó fi jó luhò. Mo sọ fún un pé mo gbàgbé ni." Ó mí kanlẹ̀. "Fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá. Èmi ni mo rán fìlà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, Èyítáyọ̀, ṣùgbọ́n kì í ba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́."

Èyítáyọ̀ ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Apá ni o gé. O fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀."

Èyítáyọ̀ gbé orí lé tábìlì. "Èmi ni mo kọ́ Bethany bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Èmi ni! Mummy ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ yẹn, wọ́n gbé e sórí Instagram ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọwọ́ wúrà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti wọlé, 'ọmọ òyìnbó yẹn dà?' Ọdún mẹ́rin, Àlàájà. Ìlẹ̀kẹ̀ tí mo tò kò lóǹkà. Orúkọ mi ò hàn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan rí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìgbà tó lọ fọwọ́ ká tó tilẹ̀kùn, mo rí káàdì nínú àpótí. Mo rí jealous. Mo ní áà, òun náà ń jowú ẹni ẹlẹ́ni. Mo gé apá kíákíá, mo fi pínnì so ó mọ́ àyà aṣọ, mo sì fa aṣọ ìbora bò ó kó tó jáde. Mo rò pé Mummy á kàn ní kó má wá mọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á dárúkọ ọlọ́pàá."

"Ààbọ̀ tó kù dà?"

Inú Bíbélì ló ti yọ ọ́, ìwé kékeré tó ti ká jọ. "Ìgbà tí mo délé ni mo tó kà á. Mi ò lè jù ú nù."

Mìsítúrà tẹ́ ẹ sórí eékún. Bethany ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Nusaybah fún apá aṣọ bó ṣe wí. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé kó má wo apá o, kó wo ìlẹ̀kẹ̀. Pé Èyítáyọ̀ ló kọ́ òun ní gbogbo ohun tí òun mọ̀, pé bí òun bá fi ogún ọdún ránṣọ, òun ò lè ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ká ìwé náà padà. Ó fi í lé Èyítáyọ̀ lọ́wọ́.

*

Èyítáyọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ́. Nígbà tí Àlàájì Hamid gun àtẹ̀gùn dé, fóònù lọ́wọ́, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà. Bethany ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀."

Bàbá náà fi ìbínú bú ramúramù bí ẹkùn. Ó ní ọlọ́pàá náà ni yóò yanjú rẹ̀, ẹni yòówù kó kàn. Èyítáyọ̀ ní ohun tí wọ́n bá ṣe tọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí Nusaybah gbọ́ ọ lẹ́nu òun, kó má wọ aṣọ tí kò mọ ìtàn rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Nusaybah dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó lọ síbi aṣọ, ó gbé apá kan sókè, ó sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ lè tún un rán kó tó di Àbámẹ́ta?" ó bi Èyítáyọ̀.

"Mo lè ṣe é, tí mi ò bá dìde."

"Daddy, no police. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó yíjú sí Èyítáyọ̀ kó tó jáde. "Mi ò ní í rẹ́rìn-ín sí yín lọ́jọ́ Saturday o. Ẹ má retí ẹ̀."

Tinúọlá jókòó sórí àga, ó ń wo ìlẹ̀. "Fọ́tò yẹn," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èyítáyọ̀, o ò ṣe sọ fún mi?"

Bethany ti mú àpò rẹ̀ kọ́ ọrùn. Gbogbo wọn rò pé ó ń lọ nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ló bá bọ́ àpò sílẹ̀, ó mú apá òsì aṣọ náà, ó sì ti apá ọ̀tún sí iwájú Èyítáyọ̀. Láti ìgbà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ ju "abẹ́rẹ́" àti "òwú" lọ.

Nusaybah wọ aṣọ náà. Mìsítúrà wà níbi yìgì, ó sì wò ó dáadáa: ojú tí kò bá mọ̀ kò lè rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, Bethany wá kó àlùmọ́gàjí rẹ̀. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Èyítáyọ̀ bá a gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ dé ibùdókọ̀, Mìsítúrà sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé lókè. Ó rí i tí Èyítáyọ̀ ń sọ̀rọ̀, tó fi ọwọ́ lé àyà. Ó rí i tí ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, tó fèsì díẹ̀, tó sì wọ bọ́ọ̀sì.

"Kí lo sọ fún un?" ó bèèrè nígbà tí Èyítáyọ̀ gòkè dé.

"Mo sọ fún un pé mo jowú rẹ̀. Òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, mo sì ṣàlàyé pé kì í ṣe bí àwọn ṣe ń sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ò tíì lè dárí jì mí." Èyítáyọ̀ jókòó, ó wá ojú abẹ́rẹ́ sí ìmọ́lẹ̀. "Ó ní kí n má fi ìlẹ̀kẹ̀ títò sílẹ̀."

Ó fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó fa aṣọ tó kàn mọ́ra.